Awọ Tó Kájú Ìlù: Bí A Ṣe Ń Dá Awọ Rere Mọ̀ Láti Ìgbà Òjò Dé Ìgbà Ọyẹ́

Bí owó ọwọ́ ẹni kò bá tó ohun tí a fẹ́ rà, Yorùbá a máa sọ pé awọ kò kájú ìlù. Kò wọ́pọ̀ kí a rí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò lè sọ ìtumọ̀ àkànlò èdè yìí. Ó wà nínú ìwé kíkà, ó máa ń jáde nínú ìdánwò, ẹnu àwọn òbí kì í sì í sinmi lórí rẹ̀ nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá tó san. Ṣùgbọ́n ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ kan náà léèrè pé irú awọ wo ni wọ́n ń sọ, ara ẹran wo ni wọ́n ti bó o, ìgbà wo nínú ọdún ni wọ́n bó o, kí ni wọ́n sì fi mọ̀ pé kò kájú ìlù. Yóò dákẹ́. Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò pọ̀. Awọ lè fẹ̀ ju ojú ìlù lọ ní ìlọ́po méjì, kí ó má sì kájú rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí ẹran kú, ohun tó jẹ kí ó tó kú, ọwọ́ tó bó o àti ojú ọjọ́ tó gbẹ ẹ́ ni yóò sọ bóyá awọ náà yóò wúlò. Àwọn tó mọ awọ wò ń dín kù láàárín wa. Bí wọ́n sì ti ń dín kù ni àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wò ó ń bá wọn lọ.

Kí a tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ kan yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Awọ, tí ohùn àárín wà lórí sílébù rẹ̀ méjèèjì, ni ohun tó bo ara ẹran. Àwọ̀, tí ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí sílébù rẹ̀ méjèèjì, ni dúdú, pupa, funfun àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ ra awọ, ìyẹn ẹni tó ń wo dúdú tàbí pupa irun ewúrẹ́ kí ó tó sanwó, kò tíì mọ nǹkan kan nípa awọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí ọ̀rọ̀ ohùn láìpẹ́.

Ìlọrin, ìlú awọ

Ìlọrin wà níbi tí igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Kànúrí àti Bàrùbá ló jọ ń gbé ibẹ̀ láti ayébáyé, ìlú náà sì ti pẹ́ tó ti jẹ́ ojú ọ̀nà ọjà láàárín àríwá àti gúúsù. Ìdí nìyí tí oríṣi ewúrẹ́ méjì fi máa ń pàdé lọ́jà wa. Èkíní ni ewúrẹ́ ilé, kúkúrú ẹlẹ́sẹ̀ kékeré, tí ń jẹ èèpo iṣu kiri ẹ̀yìnkùlé. Èkejì ni ewúrẹ́ pupa tí ó ń ti ìhà Sókótó bọ̀, gíga, onírun kúkúrú, tí awọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra pẹ́kípẹ́kí.

Awọ ewúrẹ́ pupa yìí lókìkí ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn oníṣòwò fi ràkúnmí kó o gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí àríwá Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń wọ Yúróòpù, wọ́n sì ń pè é ní awọ Mòrókò nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Mòrókò ni wọ́n ti ń rà á, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Haúsá ni ewúrẹ́ náà ti jẹko. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kano ní ọdún 1851, ó ka awọ mọ́ àwọn ọjà tí ìlú náà ń kó ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ohun tó yẹ kí ó dùn mọ́ àwa olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìwé ni àwọn òyìnbó ń fi irú awọ bẹ́ẹ̀ dì. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ń gbé gẹ̀gẹ̀ sínú àpótí, awọ ewúrẹ́ ló bo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní Ìlọrin níhìn-ín, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìmọ̀ Kùránì, iṣẹ́ tí awọ ń ṣe kò kéré. Awọ ni wọ́n ń rán mọ́ tírà. Inú àpò awọ ni àwọn alfa àtijọ́ ń kó Kùránì aláfọwọ́kọ sí, pàápàá èyí tí wọn kò di ojú ìwé rẹ̀ pọ̀. Orí awọ àgbò tí irun rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bàbá ń jókòó sí láti ṣe tẹ̀súbáà. Àwọn onílù náà sì wà níbẹ̀. Kò sí dùndún láìsí awọ, kò sí gángan, kò sí bàtá, kò sí sákárà. Dàdàkúàdà, tí í ṣe orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, kò lè dá dúró bí ewúrẹ́ kò bá kú.

Oṣù wo ni awọ dára?

Bàbá onílù kan wà ní àdúgbò wa, ọmọ Àyàn ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ọdún awọ kò bá ọdún tí a ń kà lórí kàlẹ́ńdà mu. Ìpín mẹ́ta ni Bàbá pín ọdún awọ sí.

Ìpín kìíní ni ìgbà òjò. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní agbègbè wa. Koríko ń yọ, ẹran ń jẹ àjẹyó, ara rẹ̀ sì ń dán. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé awọ ìgbà yìí ni yóò dára jù. Ṣùgbọ́n ìgbà yìí ni eégbọn pọ̀ jù lọ nínú koríko, ibi tí eégbọn bá sì ti bù jẹ kì í jiná láì ní àpá. Afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, oòrùn kò dúró lójú kan, eṣinṣin sì ń dọdẹ ẹ̀jẹ̀ kiri. Awọ tí wọ́n bó láàárọ̀ lè má tíì gbẹ títí di ọjọ́ kẹta, kí ó sì tó gbẹ, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà láti inú. Awọ òjò kì í rà lẹ́ẹ̀kan náà. Gbòǹgbò irun ni ìrà ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú kò dé.

Ìpín kejì ni ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kìíní ni Bàbá ń kó awọ tí yóò lò títí ọdún yóò fi yípo. Ẹran ṣì sanra pẹ̀lú ohun tó jẹ lásìkò òjò, ìyẹn ni pé awọ rẹ̀ ní ìpọn, ó sì yi. Eégbọn ti dín kù. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ó tutù lóru, ó sì ń fẹ́ jẹ́jẹ́. Bí a bá na awọ sábẹ́ ibòòji lásìkò yìí, tinú tòde ni yóò jọ gbẹ pọ̀.

Ìpín kẹta ni ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kejì títí tí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Koríko ti jóná tán, ewúrẹ́ ń jẹ páálí àti ọ̀rá tí a sọ nù. Ẹran rù, awọ rẹ̀ náà sì rù. Yóò gbẹ kíákíá lóòótọ́, àmọ́ yóò fẹ́lẹ́ bí ìwé, yóò sì máa dún pàkàpàkà bí ewé gbígbẹ. Bàbá a máa pè é ní awọ ìyàn. Ó ní irú awọ bẹ́ẹ̀ lè bo ojú ìlù, ṣùgbọ́n ebi tó pa ewúrẹ́ yóò máa ké nínú rẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí i pé ọgbọ́n yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn adẹ-tàkúté ń mú ẹranko kan tó jọ ajá igbó, tí wọ́n ń pè ní coyote, nítorí irun rẹ̀ tí wọ́n ń rán mọ́ ẹ̀wù òtútù. Àwọn náà ní ìpín mẹ́ta tiwọn. Bí wọ́n bá mú un kí òtútù tó wọlé dáadáa, irun ìsàlẹ̀ kò tíì hù tán. Bí wọ́n bá mú un láàárín ìgbà òtútù, irun rẹ̀ ki, ó gùn, ó sì dúró. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó pẹ́ títí òtútù fi fẹ́ tán, irun èjìká yóò ti máa pá, yóò sì ti máa já. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé kì í ṣe irun ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn. Wọ́n á yí awọ náà padà, wọ́n á wo ojú ẹran rẹ̀. Bí irun bá ṣì ń hù, ojú ẹran yóò dúdú bí aró, nítorí aró tí ń kun irun náà ṣì wà ní gbòǹgbò rẹ̀. Bí irun bá ti hù tán, ojú ẹran yóò mọ́, yóò funfun bí wàrà. Ẹni tó ń gbé inú yìnyín àti Bàbá tó ń gbé Ìlọrin kò rí ara wọn rí, síbẹ̀ ẹ̀yìn awọ ni àwọn méjèèjì ń wò.

Ojú, ọwọ́, imú àti etí

Bí awọ bá dé iwájú Bàbá, kì í yára sọ̀rọ̀. Yóò kọ́kọ́ gbé e sókè kí oòrùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Níbi tí eégbọn ti jẹ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ yóò yọ ṣín-ín-ṣín-ín bí ìràwọ̀. Níbi tí ọ̀bẹ alápatà ti ṣì í gé, ojú ọgbẹ́ náà yóò hàn gbangba. Ọ̀pọ̀ awọ ni ọ̀bẹ ti bà jẹ́ kí òjò tó dé ibẹ̀. Ẹni tó mọ ẹran bó a máa fi ìkúùkù ti awọ kúrò lára ẹran, ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹsẹ̀ nìkan ni yóò ti lo ọ̀bẹ.

Lẹ́yìn èyí ni yóò yí i padà. Bí ojú ẹran bá mọ́ dọ́gbadọ́gba, ó dára. Bí ó bá rí i tí okùn ẹ̀jẹ̀ dúdú là á kọjá bí odò tí a yà sínú máàpù, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó túmọ̀ sí pé a kò pa ẹran náà. Ó kú fúnra rẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ kò sì ráyè jáde. Bí ó bá rí ibi tí ń dán tí ó sì le bí àtè tó gbẹ, yóò mọ̀ pé orí ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n sá a sí. Oòrùn ti sè é dípò kí ó gbẹ ẹ́. Bí a bá rẹ irú awọ bẹ́ẹ̀ sómi, ibi tó ti jinná yẹn yóò yọ́ dànù, yóò sì di ihò.

Ọwọ́ ni ó kàn. Yóò fi àtàǹpàkò wọ́ ọ láti ẹ̀yìn lọ sí ikùn. Awọ ẹ̀yìn a máa nípọn, ti ikùn a máa fẹ́lẹ́, ó sì máa ń rọ̀, pàápàá lára abo ewúrẹ́ tó ti bímọ púpọ̀. Ìdí nìyí tí Bàbá kì í fi ń wọn awọ láti etí dé etí. Ibi tó dọ́gba láàárín nìkan ló ń kà. Yóò ṣẹ́ igun kan po, yóò sì tú u sílẹ̀. Èyí tó dára yóò padà sí ipò rẹ̀ bí ẹni tí a jí lójú oorun. Èyí tó gbẹ ju yóò sán. Èyí tí kò gbẹ dénú yóò ká síbẹ̀ bí aṣọ.

Yóò wá fa irun rẹ̀. Bí irun bá bá ọwọ́ rẹ̀ wá wẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Awọ náà ti rà kí ó tó gbẹ. Ẹni tó ń wá awọ àgbò ìjókòó yóò sọ ọ́ nù nítorí irun. Onílù, tí yóò fi omi eérú bọ́ irun náà kúrò lọ́jọ́ kejì, yóò sọ ọ́ nù nítorí ohun tí irun náà sọ. Lẹ́yìn èyí ni imú, nítorí awọ rere ń rùn bí ewúrẹ́, awọ búburú ń rùn bí òkú. Etí ló kẹ́yìn. Yóò ta á ní ìka, yóò sì dẹ etí sí i.

Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ kékeré yìí: kí awọ nípọn, kí ó fẹ́lẹ́, kí ó yi, kí ó le, kí ó rọ̀, kí ó sán, kí ó ya, kí ó rà, kí ó yọ́. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án wọ̀nyí fún kíláàsì kan rí pé kí wọ́n fi wọ́n ṣe gbólóhùn. Púpọ̀ nínú wọn lo le àti rọ̀ bí ó ti yẹ. Yi ni ó dà wọ́n láàmú jù. Wọ́n rò pé àṣìkọ ni.

Ìlù tí kò lè pe ohùn

Kí ni ìdí tí olùkọ́ èdè fi ń da ara rẹ̀ láàmú lórí awọ? Ìdí rẹ̀ ni pé orí awọ ni ohùn èdè wa ń gùn. Ìlù dùndún kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ́lì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo ohun ìní rẹ̀. Bí onílù bá fún ọsán ìlù, ìyẹn àwọn okùn awọ tó so ojú méjèèjì pọ̀, ohùn yóò gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn yóò wálẹ̀. Awọ tó nípọn níhìn-ín tó sì fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún kò lè jẹ́ iṣẹ́ yìí. Kò ní í sí ààlà láàárín òkè àti àárín mọ́. Ìlù náà yóò dún, kò ní sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i ni.

Ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ra ìlù tuntun fún ìdíje àṣà láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Inú oṣù karùn-ún ni wọ́n rà á. Aṣọ tó yí i ká rẹwà, ṣaworo rẹ̀ ń dán, igi rẹ̀ sì dára. Ọmọbìnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Àyàn, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ràn ìlù bí ẹ̀mí ara rẹ̀, ni yóò lu ìyá ìlù. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lera lera tí ojú ìlù náà sì rọ̀ wọ́jọ́wọ́jọ́. Wọ́n sá a sóòrùn, ó le fún wákàtí kan, ó tún rọ̀. Ọmọ náà á fún ọsán títí apá rẹ̀ á fi máa gbọ̀n, ohùn òkè kò jáde. Àwọn kan nínú àwọn aláṣẹ ní kí a kúkú fi dùùrù onínáńbà tó wà ní gbọ̀ngàn rọ́pò rẹ̀, pé ariwo ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo gbé ìlù náà lọ bá Bàbá pẹ̀lú owó tí ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí pé kí wọ́n fi awọ mìíràn bò ó. Ó fi ìka ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó ní, "Awọ òjò ni wọ́n fi bò ó. Ó ti rà kí ó tó dé ojú igi."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ bá wa fi òmíràn bò ó. Owó rẹ̀ nìyí."

Ó wo owó náà, mo sì mọ̀ pé ó nílò rẹ̀, nítorí kò pẹ́ tí ó sọ fún mi pé òjò ń jo orí ibùsùn òun. Ó ní, "Tíṣà, kó owó rẹ padà. Awọ ọyẹ́ tí mo kó pamọ́ ti tán. Èyí tó wà lọ́jà báyìí, irú kan náà ni. Bí mo bá fi bò ó, oṣù méjì ni, wàá tún gbé e padà wá, èmi ni ọmọ náà yóò sì máa rò pé mo tan òun."

Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó wọlé, ó sì gbé ìyá ìlù tirẹ̀ jáde, èyí tí ó ń gbé lọ sóde ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ó ní kí ọmọ náà lò ó títí ìdíje yóò fi parí. "Àmọ́ sọ fún un pé tí ó bá dún jù, kí ó dẹ̀ ẹ́. Ìlù tó bá dún jù, yíya ló fẹ́ ya."

Ọmọ náà lò ó. Ipò kejì ni wọ́n mú. Nígbà tó di oṣù kejìlá, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Ó ti rí awọ tó wù ú, ó sì bo ìlù ilé-ẹ̀kọ́ náà fún iye tí a kọ́kọ́ dá lé, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Òjò ọ̀pọ̀ ọdún ti rọ̀ láti ìgbà náà. Ìlù náà ṣì ń pe ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Iléyá, pọ̀ǹmọ́ àti ọ̀la awọ

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣebí gbogbo ọdún ni a ń pa ẹran, kí ló dé tí awọ rere fi ṣọ̀wọ́n? Ohun méjì ni mo rí.

Àkọ́kọ́ ni kàlẹ́ńdà. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n ń bó awọ àgbò ní Ìlọrin bí ọjọ́ Iléyá. Ṣùgbọ́n òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ní ọdún 2006, ẹ̀ẹ̀mejì ló bọ́ sínú ọdún kan, ní oṣù kìíní àti ní ìparí oṣù kejìlá, inú ọyẹ́ ni méjèèjì. Awọ tí wọ́n bó nígbà náà gbẹ láìsí wàhálà. Ní ọdún 2023, 2024 àti 2025, inú oṣù kẹfà ni ó bọ́ sí, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí eṣinṣin sì pọ̀. Òkìtì awọ tó pọ̀ jù lọ lọ́dún wá ń dé ní àsìkò tó ṣòro jù láti gbẹ ẹ́. Ó tó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí Iléyá tó yípo tán, nítorí náà nǹkan bí ọdún 2038 ni yóò tún padà sínú ọyẹ́ oṣù kìíní. Ní ọdún tí ó bá bọ́ sí ìgbà òjò, ẹni tí kò bá ní iyọ̀ àti ibòòji nítòsí ní ọjọ́ Iléyá yóò máa wo awọ rẹ̀ bí ó ti ń rà.

Ohun kejì ni ìkòkò ọbẹ̀. Ewúrẹ́ tí a bá pa níbi ìnáwó, a kì í sábà bó o. Wíwi ni a ń wi í, a ó jó irun rẹ̀ dànù, a ó sì jẹ ẹ́ tawọtawọ. Ti màlúù ni pọ̀ǹmọ́, tí kò sí ẹni tí kò mọ adùn rẹ̀. Ní ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Zaria dá a lábàá pé kí wọ́n ṣòfin tí yóò fòpin sí jíjẹ pọ̀ǹmọ́, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe awọ lè rí awọ lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín. Èmi kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ pọ̀ǹmọ́ mọ́; èmi náà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo awọ ni ó yẹ kí ó gba ọ̀fun lọ. Bí ìdílé kan bá pa ewúrẹ́ márùn-ún ní oṣù kejìlá, ṣé wọn kò lè bó ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ fún onílù àdúgbò?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá tún dé orí àkànlò èdè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣe fi ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan sílẹ̀ lójú pátákó. Ẹ wá awọ ewúrẹ́ kan lọ sí kíláàsì. Kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé e sókè sí oòrùn, kí wọ́n fa irun rẹ̀, kí wọ́n fi ìka ta á, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ ohun tí ọwọ́ àti etí wọn gbọ́. Bí onílù bá wà ní àdúgbò yín, ẹ pè é. Ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ilé lónìí, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ọ̀rọ̀ márùn-ún tí wọ́n fi ń sọ bí awọ ṣe rí. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu ìyá yín àgbà tí kò sí nínú ìwé kankan tí ẹ ní. Ẹ má jẹ́ kí ó bá ìyá náà lọ.

Bàbá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé awọ kò ní tán láyé, nítorí ewúrẹ́ kò ní yé bímọ. Ó ní ojú tí yóò wò ó ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lọ sí Èkó, ọ̀kan ń wa mọ́tò, èkejì ń ta fóònù. Ọmọbìnrin tó lu ìlù rẹ̀ nígbà ìdíje yẹn ló ṣì ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo oṣù kejìlá, tí ó ń bá a gbé awọ sókè sí oòrùn, nítorí ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́. Ó ń wò ó, ó ń sọ ohun tó rí, Bàbá sì ń sọ orúkọ rẹ̀ fún un.